Ẹ Má Fi Iye Eyín Nìkan Ra Ráṣẹ́ẹ̀tì: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Láàárín Mẹkáníìkì

Bí mẹkáníìkì méjì bá ń fi ráṣẹ́ẹ̀tì wọn (irinṣẹ́ tí a fi ń tú bóòtù tàbí dè é láìjẹ́ pé a ń yọ ọ́ kúrò lórí bóòtù) wéra, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "Eyín mélòó ni tìẹ?" Ẹni tó ní eléyín 72 á dákẹ́ fún eléyín 90, eléyín 90 náà á sì dákẹ́ bí ẹlòmíràn bá yọ 120 jáde. Àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sára páálí. Ó ń dùn mí gan-an pé àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù ń kó owó tí wọ́n fi làágùn tù jọ lé nọ́ńbà kan ṣoṣo yìí lórí, tí wọ́n á sì fi ohun tó yẹ kí wọ́n wò sílẹ̀.

Eyín wẹ́wẹ́ wúlò, n kò sọ pé kò wúlò. Gíà kékeré kan wà nínú orí ráṣẹ́ẹ̀tì, ìkọ́ irin kan sì ń há eyín rẹ̀. Bí ẹ bá ń fa ọwọ́ irinṣẹ́ náà padà, ó gbọ́dọ̀ rìn dé eyín tó kàn kí ìkọ́ tó lè tún gbá a mú. Ẹ pín 360 sí iye eyín, ẹ ó mọ bó ṣe gbọ́dọ̀ rìn tó: eléyín 24 á rin dígírì 15, eléyín 36 á rin 10, eléyín 72 á rin 5, eléyín 90 á rin 4, 120 á rin 3. Ẹ wo pulọ́ọ̀gì mẹ́ta tó wà lẹ́yìn eńjìnì V6 ti Toyota Sienna, àwọn tó fara pamọ́ sí ìhà ògiri irin tó pààlà eńjìnì àti inú ọkọ̀. Kò sí ẹni tó máa rí àyè dígírì 15 níbẹ̀.

Àmọ́ èrè náà kì í pọ̀ bákan náà bí eyín ṣe ń pọ̀. Ẹ mú ráṣẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 20. Tó bá jẹ́ eléyín 24, ìdí ọwọ́ náà á rìn nǹkan bíi mìlímítà 52 kó tó gbá eyín tó kàn mú. Eléyín 72 á rìn bíi 17. Eléyín 120 á rìn bíi 10. Láti 24 bọ́ sí 72, ẹ jèrè mìlímítà 35, ìyẹn tó ìbú ìka méjì. Láti 72 bọ́ sí 120, mìlímítà 7 péré ni, kò tó ìbú ìka kan.

Mìlímítà 7 yẹn gan-an kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ife irin tó ń bo orí bóòtù, ń mì díẹ̀ lórí irin onígun mẹ́rin tó yọ lórí ráṣẹ́ẹ̀tì, ó tún ń mì díẹ̀ lórí bóòtù. Bí ẹ bá wá fi ẹkisitẹ́ńṣọ̀n gígùn àti jọ́ìńtì tó ń tẹ̀ sí àárín wọn, gbogbo ìmì wọ̀nyẹn á ju dígírì méjì tí ẹ sanwó lé lórí lọ. Ẹni tí sọ́kẹ́ẹ̀tì mìlímítà 10 àti 12 rẹ̀ ti jẹ, tó ń ṣe gbàgà lórí bóòtù, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ pààrọ̀.

Àwọn olùrà kì í sì í béèrè bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà náà. GearWrench 120XP tí ọ̀pọ̀ ń dárúkọ, gíà eléyín 60 ló wà nínú rẹ̀. Ìkọ́ méjì ni wọ́n tò léra, tí wọ́n ń gbá a mú ní ìdajì eyín sí ara wọn, bí ọ̀kan ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni èkejì ń gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni 60 ṣe di ipò 120. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí eyín gíà eléyín 60 nípọn ju eyín gíà tó tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gé sí 120 lọ. Ẹ má wá fi ojú kan náà wo ráṣẹ́ẹ̀tì tí kò lórúkọ, tó ń pariwo nọ́ńbà gíga, tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú orí rẹ̀. Bí irin tó rọ̀ ni wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, eyín rẹ̀ á fọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi agbára fà á. Ìgbà tí eyín bá fọ́ lábẹ́ agbára, irinṣẹ́ á fò lójijì, ẹ̀yìn ìka á sì lọ sọ sára rédíétọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi wéra ṣáájú iye eyín ni bí ráṣẹ́ẹ̀tì ṣe fúyẹ́ tó nígbà tó bá ń padà sẹ́yìn. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sára páálí. Nígbà tí bóòtù bá le, gbogbo ráṣẹ́ẹ̀tì ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí bóòtù bá ti tú, tó ń yí wọ́ọ́rọ́ nínú ihò rẹ̀, agbára kékeré báyìí ló kù tó dì í mú. Bí ráṣẹ́ẹ̀tì bá wúwo lọ́wọ́ nígbà tó ń padà, bóòtù náà á bá a padà. Ẹ fà á síwájú, ó tú. Ẹ fà á sẹ́yìn, ó tún wọlé. Ẹ kò ní gbọ́ "tẹ́-tẹ́-tẹ́" kankan. Ẹ ó wá máa fi ìka yí i níbi tí ìka kò dé, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún á sì di ti wákàtí kan. Eléyín 120 tó ń fà báyìí kò sàn ju eléyín 36 tó fúyẹ́ lọ.

Ìdánwò rẹ̀ kò gba irinṣẹ́ kankan. Yálà lọ́jà Ládípọ̀ l'Ékòó ni o, tàbí lọ́jà Gate n'Ìbàdàn, ẹ ki sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan bọ ráṣẹ́ẹ̀tì náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di sọ́kẹ́ẹ̀tì mú fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ wá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ tó bá a yí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Ẹ ṣe é ní ọ̀nà méjèèjì, ti títú àti ti dídè, nítorí mo ti rí èyí tó fúyẹ́ ní apá kan tó sì le ní apá kejì. Ẹ tún wo bí orí rẹ̀ ṣe nípọn tó. Eyín mélòó ló lè ran orí tí kò wọlé lọ́wọ́?

Ẹni tó ra dáadáa náà lè bà á jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ráṣẹ́ẹ̀tì kọ́ ni a fi ń já bóòtù tó ti dógùn-ún. Ẹni tó bá fi agbára newton 400 fa ọwọ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ti fi agbára yíyí 80 Nm (newton-mítà) lé e. Bó bá ki páìpù bọ̀ ọ́ tó fi di sẹ̀ǹtímítà 80, 320 Nm ló di yẹn, ìkọ́ kékeré yẹn nìkan ló sì ń gbé e. Nọ́ọ̀tì táyà Corolla gan-an, 103 Nm ni Toyota ní kí a fi dè é. Páwà háńdù, ọ̀pá gígùn tí kò ní eyín nínú, ni kí ẹ fi já bóòtù tó le, lẹ́yìn náà ni kí ráṣẹ́ẹ̀tì wá sáré tú u. Ẹ má fi òòlù lu ráṣẹ́ẹ̀tì láéláé. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi agbára fà á, ẹ kọ́kọ́ rọra fà á títí ìkọ́ á fi jókòó dáadáa. Fífà lójijì nígbà tí ìkọ́ ṣì wà ní orí eyín ló ń gé góńgó eyín wẹ́wẹ́ jù.

Sípánà tó ní ráṣẹ́ẹ̀tì lórí ní ewu tirẹ̀. Èyí tó pẹlẹbẹ kì í sábà ní ohun tí a fi ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Ṣe la máa ń yọ ọ́, tí a ó dojú rẹ̀ dé kó tó lè dè. Bí ẹ bá ń fi í tú bóòtù gígùn tó kọjú sí irin mìíràn, bóòtù náà á máa jáde bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi há sípánà mọ́ irin yẹn. Kò ní lè jáde mọ́, kò sì ní lè yí bóòtù padà wọlé. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ní láti tú ìjókòó eńjìnì nítorí èyí. Ẹ wọn àyè iwájú bóòtù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ lo èyí tó ní ìyípadà lára.

Lórí epo: eyín wẹ́wẹ́ kò jìn, nítorí náà hóró yanrìn kan ṣoṣo lásìkò ọyẹ́ tó láti má jẹ́ kí ìkọ́ jókòó. Gírísì bẹ́ríìnì tó ki máa ń ṣe bákan náà, ó ń mú kí ìkọ́ lọ́ra. Òróró ẹ̀rọ tó ṣàn, ẹ̀kán méjì sí mẹ́ta, ti tó. Ẹ má fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, ó ń fọ gbogbo òróró inú rẹ̀ lọ, iná rẹ̀ kò sì ṣeé bá ṣeré. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ wá fi òróró sí i. Inú abọ́ ni kí ẹ ti tú u, torí sípíríìnì kékeré inú rẹ̀ máa ń fò.

Bí owó bá dé ti ẹyọ kan, ráṣẹ́ẹ̀tì 3/8 ínṣì (ìbú irin onígun mẹ́rin orí rẹ̀ nìyẹn) eléyín 72 tàbí 80 tó fúyẹ́ lọ́wọ́, tí orí rẹ̀ kò nípọn, ni mo máa ní kí ẹ rà, kí owó tó kù fi ra páwà háńdù 1/2 ínṣì. 1/4 ínṣì ló kàn, fún bóòtù 10. 120 lè dúró títí di ìgbà tí Sienna bá ń wọ ṣọ́ọ̀bù yín lemọ́lemọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn orí rẹ̀ wò: bí sikúrúù bá wà níbẹ̀, ẹ lè tú u fọ̀, ẹ sì lè pààrọ̀ gíà àti ìkọ́ rẹ̀, tí ọlọ́jà bá ní wọn tà.