Bí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Ẹlẹ́sẹ̀ Ṣe Lè Kúrò Lórí Ìbọn Ajù-bọ́ǹbù M203 Bọ́ Sórí M320

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọn ajù-bọ́ǹbù M320 rọ́pò M203 ní ọdún 2009, ọta tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kò yí padà. Ọta 40 mìlímítà náà ni, èyí tí kì í yára púpọ̀, tí ó ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí mítà 76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó yí padà, nítorí náà ọwọ́ ni kí ọ̀gá tí ó fẹ́ pín in fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kọ́kọ́ tún kọ́.

Ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí M203 mọ̀ pé síwájú ni òun ń ti ọ̀pá rẹ̀ kí òun tó kì í, àti pé bí òun ti ń ṣí i náà ni ó ń dira láti yìn. Ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀pá M320 ń ṣí sí, ìdí nìyẹn tí ó fi lè gba àwọn ọta tí ó gùn ju èyí tí àyè M203 gbà lọ. Bí a bá sì fa ìfà rẹ̀, ìfà kan náà ni ó ń dira fún un, tí ó sì ń yìn ín. Ìfà bẹ́ẹ̀ gùn, ó sì le ju ti àtijọ́ lọ, ìbọn yóò sì mì lọ́wọ́ ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n fà. Nítorí náà, kí wọ́n kọ́kọ́ máa ṣí i, kí wọ́n máa pa á dé, kí wọ́n sì máa fà á láìsí ọta nínú rẹ̀, lórí ìdúró, lórí ìkúnlẹ̀, ní ìdọ̀bálẹ̀ àti nínú òkùnkùn. Kí olùkọ́ fi ojú ara rẹ̀ wo inú ìbọn kọ̀ọ̀kan kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, kí ọta gidi kankan má sì sí nítòsí.

A lè so M320 mọ́ abẹ́ ìbọn àgbéléjìká, a sì lè gbé e lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbọn tí ó dá dúró. Èmi fara mọ́ kí a kọ́kọ́ fi lílò rẹ̀ lọ́tọ̀ kọ́ wọn, nítorí ìwúwo tí ó wà lábẹ́ ìbọn máa ń da ìfojúsùn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn rú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń gbé e lọ́tọ̀ ń gbé ìbọn méjì, ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí òun yóò ṣe yára fi ọ̀kan sílẹ̀ mú èkejì. Kí ọ̀gá wo irú iṣẹ́ tí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí ó tó pinnu.

Ibi tí ó yẹ kí àkókò ìkẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí jù ni wíwọn ọ̀nà. Nítorí pé ọta yìí kò yára, ńṣe ni ó ń gòkè kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, bí ayìnbọn bá sì ṣi ọ̀nà wọ̀n díẹ̀, ọta lè fò kọjá tàbí kí ó já sílẹ̀ kí ó tó débẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ìbọn dọ́gba láti ọ̀tún dé òsì. Nǹkan bí mítà 150 ni a ń retí kí ó ti lè ba ohun kan pàtó, a sì lè ta á sí àgbègbè kan títí dé nǹkan bí mítà 350. Kí àwọn ọmọ ogun máa wo igi, òkìtì àti ògiri, kí wọ́n sọ iye mítà tí wọ́n rò pé ó jẹ́, kí a sì wọ̀n ọ́n lójú wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí a kó ọta ìdánrawò M781 jáde, èyí tí kò ní ohun abúgbàù nínú, tí ìyẹ̀fun aláwọ̀ rẹ̀ sì ń fi ibi tí ó bà hàn.

Ní ti ọta gidi, M433, ìyẹn ọta 40 mìlímítà tí ó ń bú, kì í jí lójú ẹsẹ̀. Ó di ẹ̀yìn tí ó bá ti rìn tó nǹkan bí mítà 14 sí 28 kí ó tó lè bú. Èyí ń dáàbò bo ayìnbọn, ṣùgbọ́n kò ní kí ó wá ta á sí ìtòsí, nítorí àfọ́kù irin rẹ̀ lè ṣe ènìyàn léṣe ní mítà 130, ìyẹn ni ọ̀nà tí ó kéré jù tí a ń gbà láyè nínú ìdánrawò. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan èyí tí ó bá balẹ̀ láìbú. Kí wọ́n fi àmì sí ibẹ̀, kí wọ́n sì pe àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ pípa bọ́ǹbù lẹ́nu mọ́. Kí olùtọ́jú ọta sì ya ọta M320 sọ́tọ̀ pátápátá kúrò lára ọta 40 mìlímítà ti Mk 19, ìbọn ajù-bọ́ǹbù ńlá tí ń yìn léraléra, tí karahun ọta rẹ̀ gùn jù, tí agbára rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí M320 lè gbà lọ.

Bí a bá fa ìfà tí ọta kò sì dún, kí ẹnu ìbọn má kúrò níbi tí a dojú rẹ̀ kọ. A lè tún fà á, nítorí bí wọ́n ṣe ṣe M320 gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sì dún síbẹ̀, kí a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí a tó ṣí i. Inú M203 kò gba fífà lẹ́ẹ̀kejì bẹ́ẹ̀ láìṣí ọ̀pá, nítorí náà kí olùkọ́ tún ẹ̀kọ́ yìí kọ́ àwọn àgbà ayìnbọn ju àwọn tuntun lọ.

Kí a má ṣe gba M203 lọ́wọ́ gbogbo ìsọ̀rí lọ́jọ́ kan náà. Kí ayìnbọn kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ yege lórí pápá ìdánrawò, ní ọ̀sán àti ní òru, kí ó tó dá ti àtijọ́ padà.