Ẹ̀jẹ̀ SS àti ọmọ títọ́: bí ẹ ṣe lè to ilé yín kí kíráìsì tó dé

Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, ọmọ méjì ni mo bí, ẹ̀jẹ̀ mi sì jẹ́ SS, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn èèyàn a máa bi mí pé báwo ni mo ṣe ń rí ọmọ tọ́. Ọjọ́ tí ara mi bá le ni mo máa ń ṣètò ọjọ́ tí mi ò ní lè dìde. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ SS tí ẹ ti bímọ, tàbí tí ẹ ń múra àtibí, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Oògùn tó bá yín mu, dókítà yín ló mọ̀ ọ́n. Ti inú ilé ni tèmi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi. Bí omi bá dínkù lára, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ wa a tẹ̀ bíi dòjé, a sì há sójú iṣan. Ibẹ̀ ni ìrora tí à ń pè ní kíráìsì ti ń wá. Líta mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n sọ fún mi. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, nítorí náà mẹ́fà ni mò ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì láàárọ̀. Bí oníbàárà ìrọ̀lẹ́ bá wá gba aṣọ tí mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀, mo mọ̀ pé mò ń fi ara mi ṣeré. (Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, kó kọ́kọ́ bi dókítà léèrè.) Tí ọmọ ọwọ́ yín bá ń jí lóru, ẹ gbé ife omi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn: bí ọmọ bá ti ń mu ọmú, kí ẹ̀yin náà máa mu omi.

Oògùn ojoojúmọ́ tèmi ni folic acid, Paludrine nítorí ibà, àti hydroxyurea, tó ń dín kíráìsì kù; nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò déédéé. Hydroxyurea yìí kì í bá oyún rìn. Obìnrin tó fẹ́ lóyún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú, ọkùnrin tó ń lò ó náà gbọ́dọ̀ sọ bí ó bá fẹ́ kí ìyàwó òun lóyún. Òtútù náà máa ń fa kíráìsì: nígbà ọyẹ́, ìbọ̀sẹ̀ ni ní gbogbo àárọ̀, bó ṣe wù kó rí lábẹ́ ìró. Bí àwọn ọmọ bá sì ń ṣeré nínú òjò, ojú fèrèsé ni kí ẹ ti máa pè wọ́n wọlé.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti àpò tí mo ń gbé lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa, àpò kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í yá nǹkan inú rẹ̀ lò: káàdì ilé ìwòsàn, káàdì adójútòfò ìlera, ìró méjì, ìbọ̀sẹ̀, ṣájà fóònù, àti ìwé kan tí mo fi ọ̀rá wé. Ìwé yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Mo kọ jẹ́nótáìpù mi sí i, irú ẹ̀jẹ̀ tí mo ní, gbogbo oògùn tí mò ń lò, èyí tí ara mi kọ̀, oògùn ìrora tó ràn mí lọ́wọ́ gbẹ̀yìn àti ìwọ̀n rẹ̀, àti PCV mi (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀) lọ́jọ́ tí ara mi dá. Tèmi máa ń wà ní bíi 24. Dókítà tí kò mọ̀ mí rí lè rí 24 kó ní kí wọ́n sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara mi ti mọ́ ọn lára, ẹ̀jẹ̀ tí a gbà láìnídìí sì ní ewu tirẹ̀. Bó bá já sí 15, ìwé kan náà ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá kékeré. Ẹ ní kí dókítà sọ tiyín fún yín ní ọjọ́ kílíníkì, nígbà tí nǹkan kan ò ṣe yín.

Bí ìrora bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, mo máa ń lo paracetamol, omi, àti ike omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ níbi tó ń dùn mí, mo sì máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àmọ́ àwọn kan wà tí a kì í fi jókòó sílé: ara gbígbóná tó dé 38°C, àyà dídùn tàbí èémí tí kò já gaara, ẹnu tó wọ́ tàbí apá tó ṣàdédé rọ, ojú tó funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ dìde tí kò sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó má jẹ́ kí ìtìjú dá òun dúró dé wákàtí mẹ́rin.

Bí ẹ bá ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ mú ẹni tó lè gbẹnu sọ fún yín dání. Nọ́ọ̀sì kan wò mí rí láti òkè délẹ̀, kò gbà pé ìrora mi tó bẹ́ẹ̀, ó ní, “Màdámù, ẹ̀yin tí ẹ fẹsẹ̀ yín rìn wọlé!” Ọkọ mi na ìwé inú ọ̀rá sí i, kò bá a jiyàn, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pentazocine, abẹ́rẹ́ ìrora tó ti di bárakú fún àwọn kan nínú wa. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á gún nílé.

Ó ku àwọn ọmọ. Ẹ má purọ́ fún wọn pé ọjà lẹ ń lọ. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, èyí tó: “Eegun ń dun Mọ́mì, dókítà máa fún wọn lóògùn, Àǹtí ló máa wá mú ẹ nílé ìwé.” Àkọ́bí mi ti dàgbà ju ìyẹn lọ, ó mọ ibi tí àpò wà, ó sì mọ nọ́ńbà bàbá rẹ̀ lórí. Iṣẹ́ tirẹ̀ parí síbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jókòó tì mí lóru kó máa ka èémí mi.

Ẹ fi orúkọ ẹni méjì sílẹ̀ nílé ìwé tó lè mú ọmọ yín. Àbúrò mi obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tèmi: mo ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀ láìgba owó, òun sì ń gba tèmi sọ́dọ̀ bí mo bá dùbúlẹ̀, nítorí náà ẹnu mi kì í wúwo láti pè é. Ata díndín náà kì í tán nílé wa, nínú àwọn ike kéékèèké. Bàbá tó lè se ìrẹsì kò ní fi búrẹ́dì pa ọmọ.

Ìgbáròkó tó bá ń dùn yín láìsí kíráìsì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yà á ní fọ́tò eegun (X-ray), torí SS máa ń ba orí eegun itan jẹ́. Láti ìgbà tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ mi ló ń pọn èyí àbúrò. Ó pọ̀n ọ́n lọ ra ẹ̀wà, àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí, ọmọ sùn fọnfọn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí oyún bá dé, ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, tí dókítà ẹ̀jẹ̀ àti dókítà aboyún ti lè jọ tọ́jú yín, ni kí ẹ lọ ní kùtùkùtù, bíi UCH níbí. Ẹ má sì túra sílẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, kíráìsì fẹ́ràn àkókò yẹn.

Jẹ́nótáìpù ọkọ tàbí ìyàwó yín ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ AA, gbogbo ọmọ yín á jẹ́ AS. Bí ó bá jẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdajì àǹfààní láti jẹ́ SS. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àṣìṣe láàbù wà. Ní Èkó, Sickle Cell Foundation Nigeria tó wà ní Ìdí-Àràbà, ní òdìkejì ilé ìwòsàn LUTH, máa ń gbani nímọ̀ràn lórí rẹ̀. AA ni ọkọ mi, AS sì làwọn ọmọ. Mo ti sọ fún àkọ́bí ohun tó túmọ̀ sí. Ní báyìí, kò sí àlejò tó wọlé wa tí ọmọ yìí kò ní bi pé kí ni jẹ́nótáìpù wọn, títí kan pásítọ̀.