Bí a ṣe ń tọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ tó ní erysipelas láìjẹ́ kí ó ràn wá

Kí ẹ tó yẹ ẹlẹ́dẹ̀ wò, ọwọ́ ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Erysipelothrix rhusiopathiae, bakitéríà tó ń fa àrùn erysipelas lára ẹlẹ́dẹ̀, ojú ọgbẹ́ ló sábà máa ń bá wọ ara èèyàn: ibi tí ọ̀bẹ ti ha, ibi tí ẹ̀gún ti gún, ẹ̀gbẹ́ èékánná tó ya.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe. Wọ́n á ní ọgbẹ́ náà kò tó nǹkan, pé ó ti ń jiná, wọ́n á wá wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń lò. Irun ẹlẹ́dẹ̀ le, pátákò rẹ̀ sì mú. Kí iṣẹ́ tó parí, ìbọ̀wọ́ ti lu, òógùn inú rẹ̀ sì ti rin èépá ọgbẹ́ náà. Ẹ fọ ojú ọgbẹ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì lẹ plásítà tí omi kì í wọ̀ mọ́ ọn. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn tí wọ́n fi ń fọ abọ́ ló dára jù, ó sì ṣeé fọ̀ lò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ bu omi sínú rẹ̀, ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, kí ẹ sì fún un. Bí omi bá ta jáde lójú kan, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ má lẹ̀ ẹ́. Bí ọgbẹ́ bá sì jìn, kí ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Bí ẹ bá ti múra tán, ẹ ti tẹmómítà bọ ìdí ẹran náà. Ara ẹlẹ́dẹ̀ tó le kì í jìnnà sí 39°C. Èyí tí àrùn yìí kọlù lójijì lè gbóná dé 42. Kì í fẹ́ jẹun, kì í fẹ́ dìde, á sì máa ké bí a bá mú un dìde. Lára ẹlẹ́dẹ̀ funfun, ẹ ó rí àmì pupa onígun mẹ́rin tó wú sókè. Lára ẹlẹ́dẹ̀ dúdú, ojú lè má tètè rí i, nítorí náà ẹ fọwọ́ ra ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ dáadáa.

Ẹ yà á sọ́tọ̀, kí ẹ pe dókítà ẹran. Pẹnisílìn ló ń ṣiṣẹ́ jù, dókítà ni yóò sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹran náà sábà máa ń sàn láàárín wákàtí 24 sí 36, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń dá abẹ́rẹ́ dúró. Ẹ gún un pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àrùn náà lè fara pamọ́ sí oríkèé ẹsẹ̀ tàbí inú ọkàn.

Láti gún un, ẹ fi pákó há a mọ́ igun ògiri. Ìlẹ̀kùn àlòkù tí a gé sí méjì náà tó. Ẹ gún iṣan ọrùn, lẹ́yìn etí. Ẹ má dé ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́, torí ibẹ̀ ló ti ń gún ọwọ́. Inú kẹ́ẹ̀gì líle tó ní ìdérí ni kí ẹ jù ú sí. Bí ó bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má sọ pé nítorí kí ẹ má bàa pàdánù, kí ẹ pa ẹran tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́. Àwọn tó ń kun ẹran wà lára àwọn tí àrùn yìí ń mú jù, iyọ̀ àti èéfín kì í sì í pa á nínú ẹran.

Nínú ilé ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kó ìgbẹ́ kúrò, ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀, kí ẹ tó da oògùn apakòkòrò sí i. Oògùn tí a dà lé ìgbẹ́, ìgbẹ́ náà ló ń bá jà. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ìyókù, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tí kò ṣàìsàn rárá lè gbé bakitéríà náà sí ọ̀nà ọ̀fun.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ ìka yín fún ọjọ́ méje. Bí ibì kan bá wú, tó pọ́n bí ẹni ní àwọ̀ àlùkò, tó ń ta yín, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹ tọ́jú. Vancomycin, oògùn tí wọ́n máa ń lò fún àkóràn mìíràn, kì í pa bakitéríà yìí. Bí ara yín bá kọ pẹnisílìn, ẹ sọ ìyẹn náà. Bí ibà bá sì bá a wá, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, nítorí ó lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn.