Bí ẹ ṣe lè yan ìwé tí ẹ ó fi kọ́ àtúnṣe fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà

Ẹ má tíì náwó. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ètò tí ẹ fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ tẹ Aide (Help), kí ẹ wá À propos (About): orúkọ ètò náà àti nọ́ńbà rẹ̀ á jáde. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Photoshop Elements, tó jẹ́ ètò kékeré fún olùbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Photoshop, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá sáré ka èèpo ìwé lè ra èyí tí kò bá tirẹ̀ mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà. Photoshop CS6 jáde ní 2012. Láti 2013 ni Adobe, ilé iṣẹ́ tó ni Photoshop, ti ń gba owó oṣooṣù lórí èyí tó tẹ̀lé e. Ìwé CS6 ṣì wúlò o: ohun tó kọ́ni nípa Calques (Layers, ìpele tí a ń tò léra lórí fọ́tò), Niveaux (Levels) àti Courbes (Curves), tí a fi ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, bá tòní mu, bí wọ́n bá sì tà á ní ọ̀pọ̀, ẹ gbé e. Àmọ́ ẹ kò ní rí Generative Fill, irinṣẹ́ tó ń fi AI ṣẹ̀dá ohun tuntun sínú fọ́tò, tó dé ní 2023, nínú rẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́ níbí, Faransé ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìwé tó ń ti Èkó wọlé. Èdè ìwé àti èdè ètò gbọ́dọ̀ bára mu. Nínú GIMP, ètò àtúnṣe fọ́tò tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lè yí èdè ètò padà: Édition, Préférences, Interface.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù ni àwọn fọ́tò inú ìwé. Ẹ ṣí orí tó dá lórí ojú èèyàn. Bó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló wà níbẹ̀, ìlànà rẹ̀ lè mú kí awọ dúdú ṣá: ẹ ó fa ìmọ́lẹ̀ sókè títí iṣẹ́ ọnà ara léèsì funfun ìyàwó á fi parẹ́. Oníbàárà yín ní Ṣábẹ fẹ́ rí ara rẹ̀ ni, kò fẹ́ rí ẹlòmíràn. Ẹ wá ìwé tó fi àti dúdú àti pupa hàn, tó sì kọ́ni bí a ṣe ń fi masque (ohun tó ń jẹ́ kí àtúnṣe mọ sí apá kan fọ́tò) ya ojú kúrò lára aṣọ. Ẹ tún wá orí lórí balance des blancs (àtúnṣe àwọ̀ kí funfun lè jẹ́ funfun) àti bruit (hóró-hóró tó ń hàn nínú fọ́tò tí a yà nínú òkùnkùn). Ẹni tó bá ti ya Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu lóru lábẹ́ iná gílóòbù mọ ìdí rẹ̀: gbogbo ẹ̀ á pọ́n bí epo.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á jẹ́ kí ẹ ka ojú ewé méjì. Bí ìwé bá kàn ní kí ẹ gbé nọ́ńbà irinṣẹ́ kan dé 35, tí kò sọ ìdí, ẹ dá a padà. Ìwé gidi á sọ ohun tó yẹ kí ojú yín máa wò, àti ibi tó yẹ kí ẹ dúró. Fọ́tò ìdánrawò ńkọ́? Bó bá wà nínú CD, ṣé kọ̀ǹpútà yín gba CD? Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi fóònù wò ó bóyá ó ṣì ń ṣí.

Ẹni tó ń lo GIMP ò tilẹ̀ ní láti kánjú rà: ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ wà lédè Faransé lọ́fẹ̀ẹ́ lórí docs.gimp.org. Ẹ fi fọ́tò tiyín gbìyànjú orí Calques níbẹ̀. Ohun tí kò bá yé yín ni kí ẹ wá ìwé lé lórí.