Bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ kó máa wu àwọn ọ̀dọ́ láti fowó pamọ́ sí báńkì

Ẹ má fi ìwàásù bẹ̀rẹ̀ o. Ọmọ ọdún 14 tẹ́ ẹ mú jókòó tẹ́ ẹ wá ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ ọ̀la ọjọ́ ọ̀la fún, á kàn máa mirí ni, torí lójú tiẹ̀ ọjọ́ ọ̀la yẹn jìn gan-an. Ẹ bi í pé kí ló wù ú láti rà. Tó bá ní fóònù ni, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ iye ẹ̀ sílẹ̀, tó bá jẹ́ 12,000 tó sì ń fi 1,000 pamọ́ lóṣù, ọdún kan gbáko nìyẹn, tó bá lè sọ ọ́ di 2,000 oṣù mẹ́fà péré ni, ẹ máa rí i pé òun fúnra ẹ̀ láá máa wá bó ṣe máa rí 2,000 yẹn.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ lọ sí báńkì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 ò lè dá ṣí àkáǹtì, òbí tàbí alágbàtọ́ ló máa bá a fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹnu tiẹ̀ ni kó fi béèrè: ṣé ẹ máa ń yọ owó lóṣooṣù? èló ni èlé? tí báńkì bá kógbá sílé ńkọ́, ṣé ètò kan wà tó máa dá owó wa padà, dé iye wo?

Àkáǹtì méjì ló dáa jù, ọ̀kan fún ìnáwó, ìkejì fún ìpamọ́, kẹ́ ẹ má sì gba káàdì ATM fún ti ìpamọ́. Ọjọ́ tówó bá wọlé gan-an ni kí báńkì máa gbé iye tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, torí ẹni tó bá ní òun máa fi èyí tó bá ṣẹ́ kù pamọ́, kì í sábà ṣẹ́ kù.

Ẹ fi èlé hàn án lórí bébà. 1,000 tí èlé ẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100 lọ́dún, á di 1,100, lọ́dún kejì 1,210, lọ́dún kẹta 1,331, èlé náà ti ń bí èlé nìyẹn. Ẹ má sì pa irọ́ fún un, tí ọjà bá ń gbówó lórí ju èlé lọ, agbára owó yẹn ń dín kù, ó yẹ kó mọ̀ kó lè wá ibòmíì fún owó ọlọ́jọ́ pípẹ́ tó bá yá.

Èyí tó ń dùn mí jù lọ̀rọ̀ àwa òbí tá a máa ń yọ owó ọmọ ná láìsọ fún un. Mo mọ̀ pé nǹkan le, ṣùgbọ́n ọmọ tó lọ wo àkáǹtì ẹ̀ tó bá òfo, kò ní gbà ẹ́ gbọ́ mọ́, kò sì ní gba báńkì gbọ́. Tó bá di dandan, yá a lọ́wọ́ ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, kó o sì san án.

Ẹ tún kìlọ̀ fún un pé PIN ẹ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń sọ fún ọ̀rẹ́, àti pé ẹni tó bá ní kó bá òun fi àkáǹtì ẹ̀ gba owó tí ò mọ ibi tó ti wá, olè lè ni, ọmọ yẹn ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ wá mú.

Lọ́jọ́ tówó fóònù bá pé, ẹ jẹ́ kó yọ ọ́ kó lọ rà á, ẹ má yí àdéhùn padà. Ẹ kàn ní kó fi díẹ̀ sílẹ̀ kí àkáǹtì má bàa kú, kẹ́ ẹ wá bi í pé kí ló kàn.