Ráútà méjì tó ń bára wọn jà
Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni íntánẹ́ẹ̀tì ilé wa fi ń já. Mo ti ń bú àwọn tó ń tà á fún wa, àṣé ọwọ́ ara mi ni. Ráútà àtijọ́ (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé) tí mo fi okùn so mọ́ tuntun, kí Wi-Fi lè dé yàrá ẹ̀yìn, ló dá a sílẹ̀: 192.168.1.1 ni àdírẹ́sì àwọn méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń dá ara wọn mọ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń pín àdírẹ́sì fún fóònù wa. Àgbò méjì kì í mumi nínú koto kan.

Mo tú okùn náà, mo sọ àdírẹ́sì ti àtijọ́ di 192.168.1.2 (ẹ kọ́kọ́ rí i pé ráútà tuntun kì í pín nọ́ńbà yẹn), mo pa DHCP rẹ̀ (ètò tó fi ń pín àdírẹ́sì), mo wá dá okùn padà sójú LAN (ojú ihò tí a ń so ẹ̀rọ inú ilé mọ́). Kò já mọ́.