Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Òṣogbo Ṣe Lè Fi Ọkọ̀ Ojú Irin Dé Ọgbà Yunifásítì

Ẹni tó bá fẹ́ ti Òṣogbo fi ọkọ̀ ojú irin lọ sí yunifásítì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé wàhálà ìrìn náà kì í sábà wà lórí irin. Ọ̀nà tó ti ilé dé ibùdókọ̀ ló wà, àti èyí tó ti ibùdókọ̀ dé ẹnu géètì ọgbà. Nítorí náà, ẹnu géètì yẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín, kí ẹ máa ṣírò rẹ̀ bọ̀ wálé: aago mélòó ni ẹ fẹ́ dé ọgbà, ibùdókọ̀ wo ló sún mọ́ ọn jù, àti ìgbà wo ni ẹ gbọ́dọ̀ kúrò ní Òṣogbo kí ọkọ̀ má baà já yín sílẹ̀.

Ọ̀nà irin méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn. Ti àtijọ́, èyí tí ìjọba amúnisìn ti fà dé Òṣogbo kí ọdún 1910 tó dé, gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ìwó àti Ẹdẹ kọjá kí ó tó kan ìlú wa, ó sì gba Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Bí ènìyàn bá wo àwọn ìlú wọ̀nyí, yóò rí i pé ilé ẹ̀kọ́ gíga kún ojú ọ̀nà náà: Bowen wà ní Ìwó, Redeemer's, Adeleke àti Federal Polytechnic wà ní Ẹdẹ, UNIOSUN sì ní ọgbà kan ní Òkukù. Lójú tèmi, ìpínlẹ̀ tó ní irú ọ̀nà yìí kò yẹ kó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ Òkukù máa du àyè nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ọ̀fẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ máa ń gbé jáde nígbà ọdún, èyí tó gbajúmọ̀ gan-an lásìkò Gómìnà Rauf Aregbesola, kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ètò ilé ẹ̀kọ́ tì. Bí ọjọ́ ìwọlé bá bọ́ sí ìgbà ọdún, tí wọ́n sì kéde rẹ̀, ẹ lò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ gáréèjì ni ẹ ó wọ̀ lọ sí Ẹdẹ, Ìwó tàbí Òkukù.

Ọ̀nà kejì ni tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, tó ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn lọ sí Èbúté-Mẹ́ta ní Èkó, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 157. Ìwọ̀n àárín irin méjèèjì ti ọ̀nà tuntun yìí jẹ́ mílímítà 1,435, ti àtijọ́ sì jẹ́ 1,067, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń sáré láti Èkó kò fi lè ti Mọ́níyà gba orí irin àtijọ́ wá sí Òṣogbo. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ fi mọ́tò dé Mọ́níyà.

Láti Òṣogbo, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Ìbàdàn máa ń gba Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Asẹ́jirẹ́ wọ Ìwó Road. Ẹ bi dírẹ́bà kí ẹ tó wọlé bóyá yóò dé Òjóò, nítorí pé Òjóò ló sún mọ́ Mọ́níyà. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ ó sọ̀ ní Ìwó Road, ẹ ó wọ ọkọ̀ Òjóò, ẹ ó sì tún wọ òmíràn lọ sí Mọ́níyà. Ẹni tó bá ní ẹrù púpọ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú kéré pípààrọ̀ ọkọ̀ yìí. Báàgì kan tí ènìyàn lè gbé fúnra rẹ̀ àti àpò ẹ̀yìn kan ti tó. Kí ẹ fi gààrí, èlùbọ́ àti bẹ́ẹ̀dì ránṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má gbé gáàsì ìdáná dání rárá.

Orí àkókò ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣe àṣìṣe. Ọkọ̀ tó ń ti Mọ́níyà lọ kì í pọ̀ lójúmọ́, wọ́n sì máa ń yí aago rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ wo aago ọjọ́ yẹn gan-an lórí ìkànnì tíkẹ́ẹ̀tì Àjọ Rélùwéè kí ẹ tó san owó ohunkóhun. Bí ẹ bá mú ọkọ̀ òwúrọ̀, ẹ ní láti kúrò ní Òṣogbo lóru, èmi kò sì ní gba ọmọ ọdún kìíní nímọ̀ràn pé kó máa rin ọ̀nà Ìkirè kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sàn kí ó sùn sọ́dọ̀ ìbátan ní Ìbàdàn mọ́jú. Bí ẹ bá sì mú ọkọ̀ ọ̀sán, ìrìn orí irin dé Èkó máa ń tó wákàtí méjì àbọ̀ tàbí kó lé díẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ilẹ̀ lè ti ṣú kí ọmọ tó rí géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀ ọ̀sán dára fún ẹni tó mọ Èkó, tàbí ẹni tí ènìyàn ń dúró dè, ó sì dára jù fún ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, torí pé ibẹ̀ kò jìnnà tó Èkó. Ipò ìjókòó mẹ́ta ló wà; èyí tí owó rẹ̀ kéré jù tẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn dáadáa.

Ibi tí ẹ ó ti sọ̀ ló kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB yóò sọ̀ ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Láderin, Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ọ̀nà Alábàtà ni ọgbà rẹ̀ wà, nítorí náà yóò ṣì wọ mọ́tò gba ìgboro dé Camp kí ó tó wọ ọkọ̀ ọgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG tàbí Yabatech yóò bá a dé òpin, ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Èbúté-Mẹ́ta; Yábàá kò jìnnà síbẹ̀, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ sì ti ń lọ sí Akọkà.

LASU ló gba ìrònú jù. Agége ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ọgbà LASU tó wà ní Ọ̀jọ́ sọ̀, kí ó wọ ọkọ̀ Ìyànà-Ìpájà, kí ó sì gba Ìgándò wọ ọgbà. Bí ó bá jókòó dé Èbúté-Mẹ́ta, ó ti kọjá ibi tí ì bá sọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn LASU, tí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ wà ní Ìkẹjà, lè sọ̀ ní Agége bákan náà, kí ó wọ Red Line, ọkọ̀ ojú irin ìgboro ti ìjọba Èkó, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2024, dé Ìkẹjà. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ rà ní Mọ́níyà, nítorí náà kí ẹ ra káàdì náà kí ẹ sì fi owó sí i. Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láàárín Marina àti Mile 2, yóò wúlò púpọ̀ fún LASU bí wọ́n bá fà á dé Okokomaiko gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gbèrò, torí pé ìtòsí ọgbà náà ni yóò gbà.

Akẹ́kọ̀ọ́ UI kò nílò ọkọ̀ ojú irin láti Òṣogbo. Òjóò ni kí ó ti sọ̀, kí ó wọ Micra dé Agbowó. Ti OAU kò tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀: kò sí ọ̀nà irin ní Ilé-Ifẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ọkọ̀ ojú irin ń ṣàǹfààní fún ará Òṣogbo. Ní ọjọ́ tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bá dá, ọkọ̀ tó lọ tààrà láti Òṣogbo sí Èkó lè yá jù ú lọ, nítorí pé kò sí pípààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ìsìn Redeemed ń wọ́ lọ sí Redemption Camp tó wà lójú ọ̀nà náà, tàbí nígbà tí ọdún bá kù dẹ̀dẹ̀, ni mo máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n kọ̀yìn sí ọ̀nà náà kí wọ́n sì forí lé Mọ́níyà.

Ti àbọ̀ ní ìṣọ́ra tirẹ̀. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ láti Èkó máa ń já èrò sí Mọ́níyà nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ Òṣogbo kò sì ní pọ̀ ní Ìwó Road mọ́ lákòókò yẹn. Ọkọ̀ òwúrọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ wálé ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí kò bá sí àyè nínú rẹ̀, kí ó ti pe ẹni tí yóò sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn kí ó tó kúrò nínú ọgbà.